Syracuse Nationals ní sáà 1954 sí 1955: Ẹgbẹ́ ìlú kékeré tó gba ife-ẹ̀yẹ NBA

Syracuse Nationals jẹ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, ìyẹn básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù, tó wà ní ìlú Syracuse, ní ìpínlẹ̀ New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ọdún 1946 sí 1963. Sáà 1954 sí 1955 ni sáà kẹsàn-án wọn, òun sì ni sáà kan ṣoṣo tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ líìgì NBA nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Syracuse. Nínú eré 72 tí líìgì kà fún wọn, wọ́n borí nínú 43, wọ́n pàdánù 29. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 1955, wọ́n na Fort Wayne Pistons ní 92 sí 91 nínú eré keje àṣekágbá.

Ẹ lè bi wá pé kí ló kan àwa ọmọ Yorùbá tó wà ní Kano, Jos, Kàdúná tàbí Port Harcourt nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ti pẹ́ tó báyìí. Ìdí mẹ́ta ni. Èkíní, sáà yìí ni wọ́n kọ́kọ́ lo aago ìṣẹ́jú-àáyá 24, èyí tí àwọn ọmọ wa tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí mọ̀ dáadáa lónìí. Èkejì, ẹgbẹ́ yìí ni ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó gba ife NBA tí aláwọ̀ dúdú wà nínú wọn. Ẹ̀kẹta, ẹni tó ni ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ọmọ bíbí ìlú yẹn. Ọmọdé ni nígbà tó ti Ítálì dé Amẹ́ríkà. Àwa tí à ń gbé nílùú tí kì í ṣe ti baba wa mọ ohun tó wà nínú kéèyàn dé ibì kan, kó dá nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, kí gbogbo ìlú sì wá gbà á bíi tiwọn. Ìdí nìyẹn tí a fi kó ọ̀rọ̀ sáà yìí jọ.

Bí líìgì náà ṣe rí nígbà yẹn

James Naismith ló dá eré yìí sílẹ̀ ní Springfield, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, ní oṣù kejìlá ọdún 1891. Ó pẹ́ kí líìgì tó ń sanwó fún agbábọ́ọ̀lù tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 1946, àwọn tó ni gbọ̀ngàn ìṣeré ńláńlá ní àwọn ìlú bíi New York, Boston àti Philadelphia dá líìgì BAA sílẹ̀. Hockey orí yìnyín ni wọ́n fi ń rówó nínú gbọ̀ngàn wọn tẹ́lẹ̀, wọn ò sì fẹ́ kí ilé náà máa ṣófo ní àwọn alẹ́ tí kò bá sí hockey. Eré àkọ́kọ́ wáyé ní Toronto, ní Kánádà, ní ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 1946. New York Knicks na Toronto Huskies ní 68 sí 66.

Líìgì mìíràn ti wà ṣáájú, tí wọ́n ń pè ní NBL. Àwọn ìlú kéékèèké ló pọ̀ jù nínú tiwọn, ibẹ̀ sì ni Syracuse ti bẹ̀rẹ̀. Líìgì méjèèjì ń já agbábọ́ọ̀lù gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, títí wọ́n fi parapọ̀ ní ọdún 1949, tí orúkọ wọn wá di NBA. Ẹgbẹ́ 17 ni wọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ parapọ̀. Ẹ má rò pé ohun tó dára nìyẹn o. Owó ò sí nílẹ̀. Àwọn ìlú kéékèèké bíi Waterloo, Sheboygan àti Anderson jáde lẹ́yìn sáà kan péré. Washington Capitols túká ní oṣù kìíní ọdún 1951, sáà ò tíì parí rárá. Nígbà tí sáà 1954 bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló ṣẹ́ kù. Ní ọjọ́ 27 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Baltimore Bullets náà túká, wọ́n sì yọ gbogbo eré tí wọ́n ti gbá kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ó wá ku mẹ́jọ.

Nínú mẹ́jọ yìí, Syracuse wà lára àwọn tó kéré jù. Ìlú náà kò ju nǹkan bí èèyàn 220,000 lọ nígbà yẹn, nígbà tí New York City ti lé ní mílíọ̀nù méje. Ẹnikẹ́ni tó bá wo bí àwọn ìlú kéékèèké ṣe ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Syracuse kò jìnnà mọ́.

Danny Biasone, ẹni tó ni ẹgbẹ́

Ọdún 1909 ni wọ́n bí Danny Biasone ní ìlú Miglianico, ní Ítálì. Àwọn òbí rẹ̀ kó wá sí Amẹ́ríkà nígbà tó wà lọ́mọdé, Syracuse ló sì dàgbà sí. Kì í ṣe olówó ńlá. Iṣẹ́ tó fi ń jẹun ni ilé eré bowling kan ní àdúgbò Eastwood, níbi tí àwọn èèyàn ti ń yí bọ́ọ̀lù wúwo lọ bi àwọn igi tó tò sórí ìdúró ṣubú, tí wọ́n á sì ra nǹkan mu. Láti ibẹ̀ ló ti rí owó tó fi dá Nationals sílẹ̀ ní ọdún 1946. Àwọn ará ìlú gé orúkọ ẹgbẹ́ náà kúrú, wọ́n ń pè wọ́n ní Nats.

Biasone kò gbá bọ́ọ̀lù yìí rí ní ipele ńlá, ṣùgbọ́n kò fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn wò. Orí bẹ́ǹṣì, láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ló máa ń jókòó sí. Ohun tó ń dùn ún jù ni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń súnmọ́ ife, kò sì ń gbà á. Ní ọdún 1950, wọ́n dé àṣekágbá, Minneapolis Lakers na wọ́n ní eré mẹ́rin sí méjì. Ní ọdún 1954, wọ́n tún dé ibẹ̀, Lakers kan náà tún na wọ́n, mẹ́rin sí mẹ́ta. George Mikan, òmìrán tí kò sẹ́ni tó ka apá rẹ̀ nígbà yẹn, ló wà nínú Lakers lẹ́ẹ̀mejèèjì.

Ohun tó ń pa eré náà

Àìlówó nìkan kọ́ ló ń lé àwọn òǹwòran lọ. Eré gan-an ti ń sú wọn. Kò sí òfin kankan tó ní kí ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù dání jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ láàárín àkókò kan. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti fi àmì díẹ̀ síwájú, ọ̀rọ̀ bùṣe. Wọ́n á kàn máa ju bọ́ọ̀lù síra wọn lọ́wọ́, wọ́n á máa lù ú mọ́lẹ̀, wọ́n á máa dúró kí aago parí. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní ọ̀nà mìíràn ju kó ṣe fáọ̀lù lọ, kí alátakò lè ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, kí òun lè rí bọ́ọ̀lù gbà lẹ́yìn ìyẹn. Eré á wá di fèrè, fáọ̀lù, ju ọ̀fẹ́. Fèrè, fáọ̀lù, ju ọ̀fẹ́.

Àpẹẹrẹ mẹ́ta á jẹ́ kó yé wa.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá ọdún 1950, Fort Wayne Pistons lọ sí Minneapolis. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ò lè bá Mikan figẹ̀ wọngẹ̀, ni wọ́n bá di bọ́ọ̀lù mú. Wọ́n borí ní 19 sí 18. Gbogbo eré náà, ẹgbẹ́ méjèèjì lápapọ̀, àmì 37 péré! Títí dòní, kò tíì sí eré NBA tí àmì rẹ̀ kéré tó ìyẹn.

Ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1951, Indianapolis Olympians na Rochester Royals ní 75 sí 73. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n fi àkókò kún eré náà kí wọ́n tó rí ẹni tó borí, ṣùgbọ́n nínú àfikún náà, ẹgbẹ́ tó bá ti kọ́kọ́ rí bọ́ọ̀lù á kàn dì í mú dé ìparí, kó lè jù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀kẹta kan Syracuse fúnra wọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta ọdún 1953, wọ́n lọ bá Boston Celtics nínú ìdíje ìyọkúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n fi àkókò kún un, Boston sì borí ní 111 sí 105. Bob Cousy ti Boston nìkan jẹ àmì 50, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: 30 nínú rẹ̀ ló wá láti orí bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́. Ìyẹn ni pé ó ju ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ lọ tó ṣe nígbà tí gbogbo ẹni yòókù dúró, tí wọ́n ń wò ó.

Ta ló máa sanwó wọlé lọ wo irú èyí lẹ́ẹ̀mejì?

Bí wọ́n ṣe rí 24

Biasone kò kan jókòó máa ráhùn. Òun àti Leo Ferris, tó ń bá a darí ẹgbẹ́ náà, ló jókòó ṣe ìṣirò. Wọ́n wo àwọn eré tó dùn, tí àwọn òǹwòran gbádùn, tí kò sí ìdímú bọ́ọ̀lù nínú wọn. Wọ́n rí i pé nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ju bọ́ọ̀lù sí apẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 60. Méjèèjì lápapọ̀, 120. Eré kan jẹ́ ìṣẹ́jú 48, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 2,880. Bí a bá pín 2,880 sí ọ̀nà 120, ohun tó kù ni 24. Ó tán. Ẹgbẹ́ tó bá gba bọ́ọ̀lù ní ìṣẹ́jú-àáyá 24 láti jù ú. Bí kò bá jù ú, alátakò ló ni bọ́ọ̀lù.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1954, wọ́n pe àwọn olórí líìgì wá sí iléèwé Blodgett ní Syracuse. Àwọn agbábọ́ọ̀lù gbá eré ìdánwò pẹ̀lú aago níbẹ̀, kí gbogbo wọn lè fojú ara wọn rí i. Ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń kánjú ju bọ́ọ̀lù nítorí ẹ̀rù aago, kí wọ́n tó rí i pé ìṣẹ́jú-àáyá 24 pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Líìgì lo òfin náà ní sáà tó tẹ̀ lé e. Wọ́n tún fi òfin kejì tì í lẹ́yìn, tó fi òdiwọ̀n sí iye fáọ̀lù tí ẹgbẹ́ kan lè ṣe nínú abala kan. Ẹgbẹ́ tó bá kọjá rẹ̀, alátakò á rí bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ jù sí i. Bí òfin fáọ̀lù kò bá sí, aago nìkan ò bá má tó, nítorí àwọn èèyàn á kàn máa fi fáọ̀lù dá eré dúró ni.

Eré àkọ́kọ́ tí wọ́n fi aago yìí gbá wáyé ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún 1954. Rochester Royals na Boston ní 98 sí 95. Ní sáà tó ṣáájú, nǹkan bí àmì 79.5 ni ẹgbẹ́ kan máa ń jẹ nínú eré kan. Ní sáà aago, ó fò sókè dé 93.1. Boston wá di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ nínú ìtàn líìgì tó jẹ ju 100 lọ nínú eré kọ̀ọ̀kan, tí a bá pín gbogbo eré wọn dọ́gba.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò. Òfin tí Biasone mú wá kò ṣe ojúsàájú fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí aago ṣe ń lé Fort Wayne, bẹ́ẹ̀ ló ń lé Syracuse. Bí wọ́n bá fi àmì 15 síwájú, wọn ò lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé bí líìgì bá kú, kò sí bí tòun á ṣe yè.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́

Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Al Cervi, ẹni tó le bí ojú ẹja, tó ti gbá fún ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ kó tó fi eré sílẹ̀.

Dolph Schayes ni òpó ẹgbẹ́. New York ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1928, Júù tó wá láti Ròmáníà sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ní sáà yìí, ó jẹ àmì 18.5 nínú eré kọ̀ọ̀kan, ó sì ń mú bọ́ọ̀lù 12.3 tó bá ta padà láti ara apẹ̀rẹ̀. Nígbà kan ṣáájú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kán. Kàkà kó jókòó sílé, ó gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ọwọ́ tí wọ́n fi símẹ́ǹtì dì, ó sì fi àǹfààní yẹn kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì jù ú. Lẹ́yìn náà, àwọn alátakò ò mọ ọwọ́ tó máa gbà yọ mọ́.

Paul Seymour àti George King ló ń gbé bọ́ọ̀lù láti ẹ̀yìn wá síwájú. Red Rocha àti Billy Kenville wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Johnny Kerr, tí wọ́n ń pè ní Red, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì Illinois dé ni. Láti sáà yẹn lọ, Kerr gbá eré 844 léra-léra láìpa ọ̀kan jẹ, títí di ọdún 1965. Àwọn méjì tó kù tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ni Earl Lloyd àti Jim Tucker. Ọ̀rọ̀ tiwọn tó kí a dúró sí.

Earl Lloyd àti Jim Tucker

Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 1928 ni wọ́n bí Earl Lloyd ní Alexandria, ní ìpínlẹ̀ Virginia. Nígbà náà, òfin ìpínlẹ̀ yẹn kò gba kí ọmọ dúdú àti ọmọ funfun jọ lọ sí iléèwé kan náà. Yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní West Virginia ló lọ. Ní ọdún 1950, NBA gba aláwọ̀ dúdú wọlé fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n: Chuck Cooper, tí Boston mú; Nat Clifton, tó lọ sí New York; àti Lloyd, tó lọ sí Washington Capitols. Bí ètò eré ṣe bọ́ sí i, eré ti Washington ló kọ́kọ́ wáyé, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1950, ní Rochester. Báyìí ni Lloyd ṣe di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá eré NBA.

Kò pẹ́ tí Washington fi túká. Iṣẹ́ ológun ló gbé Lloyd lọ lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà tó padà dé ní ọdún 1952, Syracuse ló gbà á.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rìnrìn-àjò lọ síbi tí wọn ò ti fẹ́ yín á mọ ohun tí à ń wí. Àwọn hòtẹ́ẹ̀lì kan wà tí Lloyd lè sùn sí ṣùgbọ́n tí wọn ò jẹ́ kó jókòó jẹun nínú yàrá oúnjẹ wọn. Ọ̀kan nínú wọn wà ní Fort Wayne, ìlú tí ẹgbẹ́ rẹ̀ máa wá bá figagbága nínú àṣekágbá ọdún 1955. Nígbà tí èyí kọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí i, Washington ló ṣì wà, akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ nígbà náà, Bones McKinney, tó jẹ́ òyìnbó láti Gúúsù, sì gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá bá a nínú yàrá, àwọn méjèèjì jọ jẹ ẹ́. Lloyd kò gbàgbé rẹ̀ títí ó fi darúgbó.

Lórí pápá, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún Lloyd kì í ṣe iṣẹ́ tó ń mú kí wọ́n kọ orúkọ ẹni sínú ìwé ìròyìn. Òun ló ń dí àwọn alátakò tó lágbára jù lọ́nà, òun ló ń fara gba ìkọlù kí Schayes lè ráàyè ju bọ́ọ̀lù. Síbẹ̀, ó jẹ àmì 10.2 nínú eré kọ̀ọ̀kan ní sáà yìí, ó sì mú bọ́ọ̀lù 7.7 tó ta padà.

Jim Tucker, láti yunifásítì Duquesne, jẹ́ ọmọ tuntun ní sáà yẹn. Kì í sábà pẹ́ lórí pápá. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1955, nígbà tí wọ́n ń bá New York gbá, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 17 péré, ó sì jẹ àmì 12, ó mú bọ́ọ̀lù 10 tó ta padà, ó fi bọ́ọ̀lù 12 sílẹ̀ fún ẹlòmíràn jẹ. Kí ẹnì kan dé mẹ́wàá nínú nǹkan mẹ́ta báyìí láàárín àkókò kékeré bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó yára jù ú lọ fún ọdún 63, títí di ọdún 2018, nígbà tí Nikola Jokić ti Denver borí rẹ̀.

Bí sáà náà ṣe lọ

Mikan ti fi eré sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà wá ṣí fún gbogbo èèyàn. Bí ẹgbẹ́ mẹ́jọ náà ṣe tò nìyí, iye tí wọ́n borí síwájú, iye tí wọ́n pàdánù lẹ́yìn:

Ẹ̀ka Ìlà-Oòrùn
Syracuse Nationals: 43, 29
New York Knicks: 38, 34
Boston Celtics: 36, 36
Philadelphia Warriors: 33, 39

Ẹ̀ka Ìwọ̀-Oòrùn
Fort Wayne Pistons: 43, 29
Minneapolis Lakers: 40, 32
Rochester Royals: 29, 43
Milwaukee Hawks: 26, 46

Syracuse àti Fort Wayne dọ́gba géérégé. Nínú ìdíje ìyọkúrò, Syracuse yọ Boston kúrò ní eré mẹ́ta sí ọ̀kan. Fort Wayne náà yọ Minneapolis kúrò ní mẹ́ta sí ọ̀kan. Àwọn ìlú kéékèèké méjì ló wá bá ara wọn ní àṣekágbá, New York àti Boston ti lọ sílé.

Àṣekágbá

Fred Zollner ló ni Fort Wayne Pistons. Iléeṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe pístìn ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ni orúkọ ẹgbẹ́ ti wá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ni Charley Eckman, tó jẹ́ rẹfirí kí wọ́n tó gbà á sí iṣẹ́ náà. George Yardley, Larry Foust àti Andy Phillip wà lára àwọn tó ń gbá fún wọn.

Nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó máa pa yín lẹ́rìn-ín. Nígbà tí àṣekágbá kàn, gbọ̀ngàn Fort Wayne kò sí nílẹ̀. Wọ́n ti gbà á sílẹ̀ fún ìdíje bowling gbogbo Amẹ́ríkà! Ìlú ńlá Indianapolis ni Pistons ti lọ gba Syracuse lálejò. Eré tí Biasone fi ń jẹun nílé ló wá lé alátakò rẹ̀ kúrò nílé.

Bí eré méjèèje ṣe lọ nìyí:

Eré kìíní, 31 oṣù kẹta, Syracuse: Syracuse 86, Fort Wayne 82
Eré kejì, 2 oṣù kẹrin, Syracuse: Syracuse 87, Fort Wayne 84
Eré kẹta, 3 oṣù kẹrin, Indianapolis: Fort Wayne 96, Syracuse 89
Eré kẹrin, 5 oṣù kẹrin, Indianapolis: Fort Wayne 109, Syracuse 102
Eré karùn-ún, 7 oṣù kẹrin, Indianapolis: Fort Wayne 74, Syracuse 71
Eré kẹfà, 9 oṣù kẹrin, Syracuse: Syracuse 109, Fort Wayne 104
Eré keje, 10 oṣù kẹrin, Syracuse: Syracuse 92, Fort Wayne 91

Ọjọ́ eré kẹta ni Earl Lloyd pé ẹni ọdún 27. Wọ́n nà wọ́n lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn eré karùn-ún, Syracuse tó ti fi méjì síwájú ti wá wà lẹ́yìn ní méjì sí mẹ́ta. Tí wọ́n bá tún pàdánù ẹyọ kan, ó parí nìyẹn.

Eré keje wáyé ní gbọ̀ngàn Onondaga County War Memorial, ní ọjọ́ Àìkú Ọdún Àjíǹde, lójú àwọn òǹwòran tó lé ní 6,000. Fort Wayne kọ́kọ́ na Syracuse nínà tó burú. Ní abala kejì, 41 sí 24 ni. Àmì 17! Ká ní ọdún kan ṣáájú ni, eré ti parí síbẹ̀. Fort Wayne ò bá kàn di bọ́ọ̀lù mú, bí wọ́n ṣe ṣe fún Lakers ní ọdún 1950. Ṣùgbọ́n aago wà lókè báyìí. Gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá 24, ó di dandan kí wọ́n jù ú. Bí wọ́n bá jù ú tí kò wọlé, Syracuse á mú un, wọ́n á sáré lọ. Díẹ̀díẹ̀, àmì 17 náà tán.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú-àáyá 12 kí eré parí, ó ti di 91 sí 91. Wọ́n ṣe fáọ̀lù sí George King. King kì í ṣe ẹni tí wọ́n máa ń fi ọkàn tán bó bá dọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ó jù ú, ọ̀kan wọlé. 92 sí 91. Fort Wayne gbé bọ́ọ̀lù bọ̀, Andy Phillip ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. King kan náà já a gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Aago parí.

Earl Lloyd àti Jim Tucker di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ tó gba ife NBA. Danny Biasone, onílé bowling, di ẹni tó ni ẹgbẹ́ tó borí gbogbo Amẹ́ríkà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà

Aago gba líìgì náà là. Láti ìgbà tí Baltimore ti túká ní ọdún 1954, kò tún sí ẹgbẹ́ NBA mìíràn tó túká. Ṣùgbọ́n bí eré ṣe ń dùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni owó ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ni ẹgbẹ́ ń wo ìlú ńlá. Milwaukee kó lọ sí St. Louis ní ọdún 1955. Ní ọdún 1957, Fort Wayne kó lọ sí Detroit, Rochester kó lọ sí Cincinnati. Minneapolis kó lọ sí Los Angeles ní ọdún 1960. Syracuse nìkan ló wá ṣẹ́ kù nínú àwọn ìlú kéékèèké.

Ní ọdún 1962, Philadelphia Warriors kó lọ sí San Francisco, àyè wá ṣí ní Philadelphia. Ní ọdún 1963, Biasone ta ẹgbẹ́ rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò méjì láti ibẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń pè ní Philadelphia 76ers títí dòní. Dolph Schayes bá wọn lọ, ó ń gbá bọ́ọ̀lù, ó tún ń kọ́ wọn. Láti ìgbà náà, kò tún sí ẹgbẹ́ NBA ní Syracuse mọ́. Òfin tó gba líìgì là náà ló jẹ́ kí líìgì tóbi ju ìlú tí òfin ti wá lọ. A ò lè pè é ní ìyà tó jẹ ẹlẹ́ṣẹ̀, nítorí Biasone ò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dùn wá, ó sì yẹ kó dun ẹnikẹ́ni tó bá ti fi owó àti òógùn gbé nǹkan dúró níbi kan rí.

Earl Lloyd lọ parí eré rẹ̀ ní Detroit, pẹ̀lú Pistons kan náà tí wọ́n na ní ọdún 1955. Ó padà di akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní ọdún 1971. Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ilé àwọn akọni eré náà ní Springfield ní ọdún 2003, ó sì kú ní ọdún 2015. Biasone ti kú ní ọdún 1992. Ọdún 2000 ni wọ́n tó kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ wa náà

Líìgì tí Biasone ràn lọ́wọ́ ni Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní ọdún 1963, lọ gbá. Houston Rockets ló kọ́kọ́ mú un ṣáájú gbogbo èèyàn ní ọdún 1984, ó sì gba ife náà lẹ́ẹ̀mejì, ní 1994 àti 1995. Ìkejì bọ́ sí ogójì ọdún gééré lẹ́yìn ti Syracuse.

FIBA, ẹgbẹ́ tó ń darí eré náà lágbàáyé, lo ìṣẹ́jú-àáyá 30 láti ọdún 1956. Ní ọdún 2000, wọ́n gbà pé 24 ló dára. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí Rivers Hoopers ti Port Harcourt lọ ṣojú Nàìjíríà ní sáà àkọ́kọ́ líìgì BAL ní ọdún 2021, 24 ló wà lójú aago. Bí ẹ bá mú àwọn ọmọ yín lọ wo Kano Pillars ní Kano, tí wọ́n bá bi yín pé kí nìdí tí kì í fi í ṣe 20 tàbí 30, ẹ sọ ìṣirò náà fún wọn: 2,880 sí ọ̀nà 120.

Ní Syracuse, ní àdúgbò Armory Square, wọ́n gbé aago kan kalẹ̀ ní ọdún 2005 láti ṣèrántí rẹ̀. Ó ń kà láti 24 wálẹ̀ dé òdo, á tún bẹ̀rẹ̀.